Bí mo ṣe tú dífírẹ́ńṣà ọkọ̀ rìmóòtù mi, tí mo sì fi ṣímù tún un tò

Ariwo ló pè mí. Bí mo bá rọra fa tírígà rìmóòtù, ọkọ̀ á máa lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí mo bá fà á lójijì nígbà tó dúró, ìdí rẹ̀ á dún "kàkàkà" kó tó fò síwájú. Mo mọ̀ pé eyín jíà ló ń fo ara wọn, síbẹ̀ mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ló sọ iṣẹ́ ṣímù lásán, òrùka irin tinrín tí a fi ń dí àyè láàárín jíà, di iṣẹ́ ríra jíà tuntun.

Buggy 1/8 ni ọkọ̀ náà, ìyẹn ọkọ̀ eré orí iyanrìn tí wọ́n ṣe ní ìwọ̀n ìdá kan nínú mẹ́jọ ọkọ̀ gidi. Mọ́tọ̀ oníbátìrì ló ń yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, dífírẹ́ńṣà mẹ́ta ló sì ń pín agbára rẹ̀: ti àárín ń pín in fún iwájú àti ẹ̀yìn, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn ń pín in fún ọ̀tún àti òsì. Bí ọkọ̀ bá ń ṣẹ́ kọ́nà, táyà tó wà lóde ń rìn jìnnà ju ti inú lọ. Dífírẹ́ńṣà ni kì í jẹ́ kí àwọn méjèèjì máa wọ́ ara wọn nílẹ̀.

N kò fẹ́ tú ohunkóhun kí n tó mọ ibi tó ń dùn ún. Mo gbé ọkọ̀ náà ka orí pákó kan kí táyà má bàa kanlẹ̀, mo ní kí ọmọ mi di táyà iwájú méjèèjì mú gírígírí, èmi wá ń mi ọ̀pá tó ń lọ síwájú lọ́tùn-ún lósì. Díẹ̀ báyìí ló mì. A ṣe ti ẹ̀yìn bákan náà. "Dádì, èyí ti ń jó o," ni ọmọ náà wí, òótọ́ sì ni: ọ̀pá náà ń mì, ó ń dún "kọ̀, kọ̀" nínú jíábọ́ọ̀sì, àpótí tí jíà wà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni.

Kí n tó ki sípánà bọ orí skúrù kankan, mo fi abẹ́rẹ́ yọ iyanrìn tó ti dì sínú ihò wọn. Ẹni tí kò bá ṣe èyí ni ihò skúrù máa ń yọ̀ mọ́ lọ́wọ́, tí á wá máa fi dírílì wá ọ̀nà. Mo tú apá, mo tú gógó tí ṣọ́ọ̀kù so kọ́ sí, mo ṣí ìdérí jíábọ́ọ̀sì, mo sì gbé dífírẹ́ńṣà jáde.

Kíráùn rẹ̀, jíà fífẹ̀ tí a dè mọ́ ara rẹ̀, ní eyín 43; píníọ́nì, jíà orí ọ̀pá tó ń yí kíráùn, ní 10. Etí eyín kíráùn nìkan ló jẹ, ìdí eyín ṣì ń dán bíi tuntun. Ìyẹn ni pé orí-orí ni àwọn méjèèjì ti ń kan ara wọn láti ìgbà pípẹ́, wọn kò wọnú ara wọn rárá. Ó wù mí kí n ra kíráùn nìkan nítorí píníọ́nì ṣì dára lójú, ṣùgbọ́n mo rò ó wò: kò sí nọ́ńbà tó pín 43 àti 10 dọ́gba àyàfi 1, nítorí náà eyín kọ̀ọ̀kan lára píníọ́nì ni yóò kan gbogbo eyín 43 tó wà lára kíráùn. Eyín kan ṣoṣo tó bá ti ṣẹ́ lára ti àtijọ́ yóò bu gbogbo ti tuntun jẹ. Mo ra méjèèjì pọ̀.

Inú igbá dífírẹ́ńṣà, ilé tí àwọn jíà inú rẹ̀ àti ọ́ìlì wà, ni ìtìjú mi wà. Ọ́ìlì silikónì tó yẹ kó mọ́ bí omi ti dúdú kirikiri, ó ń dán nítorí ẹ̀rún irin, kò sì tó ìdajì mọ́. Èmi ni mo fà á. Nígbà tí mo rọ ọ́ kẹ́yìn, mo rọ ọ́ kún dé ẹnu, èrò mi ni pé bó bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe dáa tó. Àṣejù, baba àṣetẹ́: nígbà tí ó gbóná, ọ́ìlì fẹ̀, kò rí àyè, ó sì gba etí róbà òrùka jáde.

Mo fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ gbogbo rẹ̀, mo nù ún gbẹ, mo tò ó sórí aṣọ funfun: jíà kékeré mẹ́rin, jíà ńlá méjì, pínnì méjì tó dábùú ara wọn, ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ méjì. Mo fi èékánná wọ́ ara pínnì lọ bọ̀. Ibi tí jíà kékeré ti ń yí lórí rẹ̀ ti jẹ kòtò tí ojú kò fi bẹ́ẹ̀ rí, ṣùgbọ́n tí èékánná ń kọ́. Mo pààrọ̀ wọn. Mo pààrọ̀ róbà òrùka náà, mo sì fi gíríìsì silikónì pa á kí n tó ti ọ̀pá wọlé.

Ṣímù inú ni mo kọ́kọ́ mú. Òrùka irin pẹlẹbẹ ni ṣímù, ó tinrín bíi bébà, ẹ̀yìn jíà ńlá ló máa ń wà nínú igbá láti tì í mọ́ jíà kékeré. Mo tò ó láìrọ ọ́ìlì, nítorí ọ́ìlì máa ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀: ó lè mú kí ohun tó ń jìgìjìgì dà bí èyí tó dúró ṣinṣin. Mo di kíráùn mú, mo yí ọ̀pá kan, èkejì sì yí lódìkejì bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n àyè ṣì wà. Mo fi ṣímù 0.1 mm kún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ó dáa. Mo tún fi òmíràn kún un wò, ni gbogbo rẹ̀ bá ń há bí ẹni ń lọ iyanrìn, mo yọ ọ́ padà.

Ọ́ìlì 3000 ni mo rọ sẹ́yìn, 7000 sí iwájú àti àárín. Bí nọ́ńbà bá ṣe pọ̀ tó ni ọ́ìlì ṣe ki tó. Lọ́tẹ̀ yìí, mo rọ ọ́ títí ó fi bo pínnì, mo dáwọ́ dúró, mo yí jíà díẹ̀díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè hó jáde, mo sì fi í sílẹ̀ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà mo gbé igbá náà sórí òṣùwọ̀n, mo kọ ìwúwo rẹ̀ sílẹ̀ kí n má bàa máa fojú díwọ̀n mọ́. Gáskẹ́ẹ̀tì tuntun, skúrù mẹ́rin tí mo dè ní ìdábùú-ìdábùú, ó parí. Inú ike ni wọ́n ń wọ̀, nítorí náà n kò lo gọ́ọ̀mù skúrù.

Ṣímù ìta ló gba gbogbo ìrọ̀lẹ́ lọ́wọ́ mi. Béárìn 8×16×5 mm kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan igbá náà, ṣímù 13×16 mm sì wà láàárín béárìn àti igbá. Èyí tó bá wà lẹ́yìn kíráùn ń tì í lọ bá píníọ́nì, èyí tó wà ní òdìkejì ń tì í kúrò. Mo kó ṣímù 0.2 mm méjèèjì sẹ́yìn kíráùn, mo gbé ìdérí lé e, mo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, mo yí i: ó dákẹ́ rọ́rọ́. Inú mi dùn. Nígbà tí mo wá de skúrù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán, ó le débi pé ìka kò lè yí i mọ́. Mo ní yóò rọ̀ fúnra rẹ̀ bó bá ti rìn díẹ̀.

Bátìrì kan ṣoṣo ni mo fi wà á. Jíábọ́ọ̀sì gbóná débi pé mo já ọwọ́ kúrò lára rẹ̀. Nígbà tí mo ṣí i, ìlà dídán ti wà ní ìdí eyín kíráùn tuntun náà yíká. Ibẹ̀ ló ti yé mi pé ìdérí tí a fọwọ́ tẹ̀ kì í ṣe ìdérí tí a dè: skúrù máa ń fa ike mọ́ra, gbogbo ohun tí a ti wọ̀n á sì yí padà. Láti ìgbà náà, n kò tún gba ìdánwò kankan gbọ́ àfi kí n de skúrù dópin. Mo ṣí i, mo dè é, tó ìgbà méje. Níkẹyìn, ṣímù 0.3 mm ló kù lẹ́yìn kíráùn, 0.1 mm lódìkejì. Bí mo bá di píníọ́nì mú, kíráùn ń mì díẹ̀ báyìí, ìka ń gbọ́ ọ, etí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ọ.

Síbẹ̀ ó ṣì ń le níbì kan nínú gbogbo ìyípo rẹ̀. Kíráùn náà kò jókòó dọ́gba lórí igbá. Mo tú skúrù rẹ̀, mo yí i sí ihò tó tẹ̀ lé e, ibi líle náà sì dín kù púpọ̀. Ibi tó le jù yẹn ni mo fi ṣe òdiwọ̀n, kì í ṣe ibi tó rọ̀ jù.

Ti iwájú kò dà mí láàmú, ṣímù kan ni mo sún. Ti àárín kò ní kíráùn àti píníọ́nì, inú rẹ̀ nìkan ni mo tún ṣe.

Mo gbé ọkọ̀ sílẹ̀, mo fa tírígà lójijì. Kò sí "kàkàkà". Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, mo fọwọ́ kan jíábọ́ọ̀sì, ó lọ́ wọ́rọ́ ni. Ìgbà tí ìdí ọkọ̀ wá dákẹ́ tán ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé béárìn táyà iwájú ọ̀tún ti ń han ṣíín-ṣíín láti ọjọ́ pípẹ́.