Bí mo ṣe to ẹ̀rọ ìroko Farmall Cub tí irin rẹ̀ kò bára mu

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi bá irin ẹ̀rọ ìroko jà, ìyẹn ẹ̀rọ ọlọ́kọ̀ọ́ tí a ń so mọ́ ara katakata. Katakata tí mo so ó mọ́, Farmall Cub ni, irú èyí tí International Harvester ti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 1947. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fì sí òsì kí awakọ̀ lè máa rí poro, ìjókòó awakọ̀ ni mo wà tí mo fi rí i pé ọkọ́ òsì ń wọlẹ̀, tọ̀tún ń fò lókè.

Mo rò pé irin ló wọ́, mo fi òòlù lù ú. Kò gbọ́. Mo fi wáṣà dí àlàfo, ó tún yẹ̀. Mo pààrọ̀ bóòtù; owó lásán.

Ohun tó ṣiṣẹ́ rèé. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà àti ọ̀dà kúrò, mo wá fi ṣọ́ọ̀kì pa ojú irin. Nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ fi sára irin yọ! Púpọ̀ nínú ti International Harvester máa ń parí sí R1 tàbí R2. Irin ìdìmú ọ̀tún kò ní irú rẹ̀. Ara ẹ̀rọ mìíràn ló ti wá, ihò rẹ̀ fẹ̀ ju ọ̀pá tó ń gba inú rẹ̀ lọ. Mo wá ojúlówó fi rọ́pò rẹ̀.

Mo tú gbogbo bóòtù sílẹ̀ díẹ̀, mo gbé táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lé pákó tí wọ́n nípọn bákan náà lórí sìmẹ́ǹtì, mo jẹ́ kí gbogbo ọkọ́ kanlẹ̀, kí n tó fún un pa. Ẹ má ṣe fún un pa ṣáájú.

Bí ìpẹtà bá ti jẹ nọ́ńbà tiyín, èyí lè má ràn yín lọ́wọ́. Irin méjì ṣì wà nílẹ̀ tí n kò mọ orírun wọn.