Bí mo ṣe ń wọn koríko àti oúnjẹ àpòpọ̀ fún àwọn ọmọ ewúrẹ́ mi

Kété tí ọmọ ewúrẹ́ bá já lẹ́nu ọmú ni ìdàgbà rẹ̀ máa ń fẹ́ dúró. Oúnjẹ àpòpọ̀ ni mo fi dípò wàrà, ṣùgbọ́n koríko ni mo fi ṣe ìpìlẹ̀.

Mo kọ́kọ́ wọ̀n wọ́n: mo gbé ọmọ ewúrẹ́ mọ́ra, mo gun òṣùwọ̀n, mo sì yọ ìwọ̀n tèmi kúrò. Èyí tó bá tó kílò 10 lè jẹ oúnjẹ gíráàmù 300 sí 400 lóòjọ́, tí a bá yọ omi inú oúnjẹ náà kúrò. Nínú rẹ̀, gíráàmù 100 péré ni oúnjẹ àpòpọ̀. Àgbàdo lílọ̀, èèrí àti sóyà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ ni mo pò, mo bu iyọ̀ àti òkúta ẹfun lílọ̀ díẹ̀ sí i. Nítorí àwọn akọ ni ẹfun yẹn ṣe wà níbẹ̀: bí kálísíọ̀mù, èròjà inú ẹfun náà, kò bá tó nínú oúnjẹ tí ọkà pọ̀ nínú rẹ̀, òkúta lè dí ojú ìtọ̀ wọn.

Láàárọ̀, wọn kì í rí abọ́ àpòpọ̀ títí wọn yóò fi jẹ koríko. Ẹran tí ebi ń pa tó bá kọ́kọ́ bá àgbàdo pàdé, àjẹkì ni yóò jẹ. Ọkà tètè máa ń kan nínú àpòlúkù, ó sì lè pa ẹran. Koríko ló ń mú un jẹ àpọ̀jẹ, itọ́ tó sì ń gbé mì nígbà náà ló ń rọ kíkan yẹn lójú. Nítorí náà, lọ́sàn-án tí wọ́n bá dùbúlẹ̀, ẹnu wọn ni mo ń wò: ó yẹ kí ọ̀pọ̀ wọn máa yí àgbọ̀n sọ́tùn-ún sósì.

Ẹ̀kúnwọ́ àpòpọ̀ kékeré ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mo ń fi kún un díẹ̀díẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Bí ìgbẹ́ wọn bá ṣù kóró-kóró, mo tún fi kún un. Bí ó bá rọ̀ tó sì lẹ̀ mọ́ ìrù, koríko àti omi nìkan ló kù títí yóò fi ṣù padà.

Koríko tó ti gbó, ikùn lásán ló ń kún. Mo ń gé e kó tó yọ òdòdó, mo ń gbé e kọ́ sókè, torí ewúrẹ́ kì í fẹ́ jẹ ohun tó ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ (ìgbéraga wọn ò kéré!). Bí gbogbo rẹ̀ bá tán féfé, kò tó nìyẹn.

Àwọn tó lágbára a máa ti àwọn kékeré kúrò nídìí abọ́, ni mo bá yà wọ́n sọ́tọ̀. Láàárọ̀ kí wọ́n tó jẹun ni mo ń tún wọn wọ̀n, ìwọ̀n tuntun yẹn ni mo sì fi ń ṣírò oúnjẹ tó kàn.