Ẹ yéé sin adìyẹ àti pẹ́pẹ́yẹ pọ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin adìyẹ ní Ọbantókò, Osiẹlẹ, Alábàtà, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ kàn ní mẹ́ta mẹ́rin tó ń jẹ̀ kiri ẹ̀yìnkùlé, ẹ jọ̀ọ́, tí pẹ́pẹ́yẹ bá wà láàárín wọn ẹ tètè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọ̀rọ̀ flu adìyẹ ni.

Tí fáírọ́ọ̀sì flu bá wọ sẹ́ẹ̀lì èèyàn tàbí ti pẹ́pẹ́yẹ, púrótéènì kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ RIG-I, iṣẹ́ ọlọ́dẹ àdúgbò ló ń ṣe, tó bá ti rí RNA fáírọ́ọ̀sì (ìwé àṣẹ tí fáírọ́ọ̀sì fi ń bí ara ẹ̀) báyìí ló máa fọn fèrè, fèrè yẹn ni interferon tó ń ta àwọn sẹ́ẹ̀lì ìtòsí lólobó kí wọ́n múra ìjà (ara awọ inú ẹyin adìyẹ ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Isaacs àti Lindenmann ti rí interferon lọ́dún 1957, fáírọ́ọ̀sì flu náà ni wọ́n sì lò). Fáírọ́ọ̀sì ọ̀hún ò wá káwọ́ gbera o. Púrótéènì ẹ̀ tó ń jẹ́ NS1 á lọ bo RNA mọ́lẹ̀, á tún dí TRIM25, púrótéènì sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó ran RIG-I lọ́wọ́, púrótéènì fáírọ́ọ̀sì mìíràn tó ń jẹ́ PA-X ní tiẹ̀ á máa gé mRNA sẹ́ẹ̀lì (ìwé iṣẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe púrótéènì) jálajàla kó má bàa rí nǹkan fi jà. Kí ara tó ta jí, fáírọ́ọ̀sì ti pọ̀ rẹpẹtẹ, ìdí nìyẹn téèyàn fi lè kó flu ran ará ilé nígbà tí ikọ́ ò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá.

Adìyẹ ló ṣeni láàánú jù, kò tiẹ̀ ní RIG-I, pẹ́pẹ́yẹ ní in. Ó wà lára ohun tó fà á tí pẹ́pẹ́yẹ fi lè gbé H5N1, irú flu adìyẹ kan tó le gan-an, kiri láìṣàìsàn, tí adìyẹ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ á sì máa kú lọ bẹẹrẹ láàárín ọjọ́ díẹ̀. H5N1 yìí ló wọ Kàdúná lọ́dún 2006, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní gbogbo Áfíríkà.

Adìyẹ tẹ́ ẹ bá rà lọ́jà Lafẹ́nwá, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán. Kíréètì ẹyin gan-an ló ń bà mí lẹ́rù, ẹ wo èyí tí oníbàárà gbé wá, ìgbẹ́ adìyẹ ẹlòmíì ti gbẹ mọ́ ọn lára, ìyẹ́ wà níbẹ̀, a sì ń gbé e wọnú ilé adìyẹ tààrà. Ti páálí ò ṣeé fọ̀, ẹ má gbà á padà; ti rọ́bà, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ mọ́ kẹ́ ẹ tó fi ògùn apakòkòrò sí i. Antibáótíìkì kì í pa fáírọ́ọ̀sì, ẹ má fowó ṣòfò. Tí wọ́n bá ń kú lójijì, tí ògbe orí wọn ń dúdú, ẹ má dúńbú ẹ̀ tà, ẹ má jù ú sódò Ògùn, ẹ pe dókítà ẹran lọ́jọ́ yẹn gan-an.