Bí yájì ṣe wá lẹ̀ mọ́ gúgúrú mi

Gúgúrú mi máa ń bẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ abọ́ ni iyọ̀ àti yájì máa ń forí lé. Tòkè á tẹ́, tìsàlẹ̀ á máa ta èèyàn lẹ́nu. Mo wọ́n omi iyọ̀ sí i, ó rọ̀. Mo da yájì sínú òróró kí àgbàdo tó bẹ́: ó jóná, ó korò, gbogbo ilé ń húkọ́.

Èyí ló ṣiṣẹ́. Mo lọ iyọ̀ kúnná bí àtíkè, mo pò ó mọ́ yájì tí mo rà ní Ọjà Ọba n'Ílọrin. (Ẹ sẹ́ yájì o, ẹ̀pà inú rẹ̀ máa ń mú un dì.) Ìdajì ife àgbàdo gúgúrú, òróró ṣíbí ìjẹun 2, iná tí kò le jù. Mo ṣí ọmọrí díẹ̀ kí ooru omi lè jáde, òun ló ń mú gúgúrú rọ̀. Bí ìró rẹ̀ ṣe dákẹ́, mo sọ ìkòkò kalẹ̀, mo ta bọ́tà yíyọ́ ṣíbí 1 yí i ká, mo da yájì lé e lójú ẹsẹ̀, mo dé e, mo gbọ̀n ọ́n gan-an. Bó bá ti tutù, bọ́tà á dì, yájì kò ní lẹ̀ mọ́ ọn.

Gáàsì ni mo lò. Ẹni tó bá ń lo èédú, kó ṣọ́ iná rẹ̀.