Aràn tó pẹ́ nínú ara: ohun tó ń ṣe sí àwọn ọmọ ogun ara, àti bí a ṣe ń lé e jáde

Aràn kì í yára pa ẹni tí ó fi ara rẹ̀ ṣe ilé. Aràn gbọọrọ inú ìfun máa ń lo ọdún 1 sí 2. Èyí tó ń fa àtọ̀sí ajá (schistosomiasis, àrùn tí à ń kó nínú omi odò) sábà máa ń lo ọdún 3 sí 10 nínú iṣan ẹ̀jẹ̀, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kó tó lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, àfi kó pa àwọn ọmọ ogun ara lẹ́nu mọ́.

Nígbà tó bá kọ́kọ́ wọlé, ara a kó sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tí wọ́n ń pè ní eosinophil jọ láti bá a jà. Bí oṣù ṣe ń gorí oṣù, aràn a máa tú èròjà jáde tó ń mú kí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pẹ̀tù sí ìjà pọ̀ sí i. Ọ̀tá mìíràn wá ń rí àyè: agbára tó yẹ kí ara fi kọjú sí kòkòrò ikọ́ ife lè dínkù, àjẹsára bíi BCG àti ti onígbáméjì tí à ń gbé mì sì lè má ṣiṣẹ́ tó bó ṣe yẹ. Síbẹ̀, ẹ gba àjẹsára ọmọ lásìkò rẹ̀. Ẹ má dá a dúró nítorí aràn.

Ní ti àtọ̀sí ajá, ẹyin ló ń ba nǹkan jẹ́ jù. Ẹyin tí kò bá ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ jáde a há sínú àpò ìtọ̀ tàbí ẹ̀dọ̀. Ọmọ ogun ara a yí i ká, ibẹ̀ a di kókó, kókó a di àpá líle. Oògùn lè pa aràn tán kí àpá àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, nítorí náà ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ní kété tí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀.

Oògùn

Fún aràn inú ìfun, albendazole 400 mg lẹ́ẹ̀kan ni fún àgbà àti ọmọ tó ti pé ọdún 2; 200 mg ni fún ọmọ ọdún 1 sí 2. Ẹ lọ̀ ọ́ kúnná fún ọmọ kékeré, ẹ má sì fi tipátipá fún un nígbà tó ń sunkún, kó má baà há a lọ́fun. Aboyún kò gbọ́dọ̀ lò ó ní oṣù 3 àkọ́kọ́.

Praziquantel ni ti àtọ̀sí ajá, 40 mg fún kílò kọ̀ọ̀kan: ẹni 60 kílò yóò lo 2,400 mg, ìyẹn hóró 600 mg mẹ́rin, lẹ́yìn oúnjẹ. Kì í pa aràn tí kò tíì dàgbà, ìdí nìyí tí wọ́n fi lè ní kí ẹ tún un lò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ibi tó léwu jù nìyí. Aràn kan wà, Strongyloides, tó ń bímọ nínú ara ẹni kan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún láìhàn síta. Bí ẹni tó ní in bá lo prednisolone tàbí dexamethasone, tó ń tẹ ọmọ ogun ara rì, aràn náà lè pọ̀ lójijì, kó kó kòkòrò inú ìfun wọ inú ẹ̀jẹ̀, kó sì pa á. Ẹyọ albendazole kan kò ká a. Ivermectin ni dókítà sábà máa ń lò. Inú ilẹ̀ ló ti ń gba awọ ẹsẹ̀ wọlé, nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń fi ẹsẹ̀ lásán ṣiṣẹ́ oko, ẹ sọ ọ́ fún dókítà kó tó kọ oògùn wọ̀nyẹn, ẹ má sì rà wọ́n fúnra yín.

Kí ó má baà padà

Ẹ wọ bàtà nínú oko. Ẹ má da ìgbẹ́ ènìyàn tútù sí ebè: ẹyin aràn gbọọrọ lè wà láàyè nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Omi odò tí ẹ bá fẹ́ fi wẹ̀, ẹ pọn ọ́n sínú ohun èlò tó ní ìdérí, kí ìṣáwùrú, tí ọmọ aràn náà ti ń jáde, má sì bá a wọlé, kí ó wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 2 gbáko. Ọmọ aràn àtọ̀sí ajá tó wà nínú rẹ̀ yóò ti kú.