Àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ fún ìdílé ṣọ́jà ní Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin ará mi tí ọkọ tàbí aya yín wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí àǹfààní TRICARE, ìyẹn ètò ìlera àwọn ológun Amẹ́ríkà àti ìdílé wọn, bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Tẹ́ ẹ bá lọ sọ́dọ̀ dókítà tó bá wọn ṣàdéhùn, ẹ kì í san kọ́bọ̀ fún àyẹ̀wò ìdènà àrùn: àyẹ̀wò ọmọdé títí tí yóò fi pé ọdún 6, àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ọmú lọ́dọọdún fún obìnrin tó ti pé 40.

Ibi tó ti máa ń dojú rú rèé. Bẹ́ ẹ bá ń fóònù láti gba ọjọ́, ẹ sọ ọ́ ketekete pé àyẹ̀wò ìdènà àrùn lẹ ń bọ̀ wá ṣe. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀ tẹ́ ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé orúnkún tó ń dùn yín, wọ́n lè kọ ọ́ sílẹ̀ bí ìtọ́jú àìsàn, kí ẹni tó wà lórí Select (ọ̀kan nínú àwọn ètò TRICARE) sì rí bíìlì gbà. Bí orúnkún náà bá lè dúró, ẹ gba ọjọ́ mìíràn fún un.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára ńkọ́? Kẹ́míìsì tó wà nínú àdéhùn náà lè gún un lọ́fẹ̀ẹ́; ẹ kọ́kọ́ béèrè. Bíìlì tí kò bá yé yín, ẹ pe TRICARE kẹ́ ẹ tó san án.