Bí A Ṣe Ń Fi Fíláàṣì Pààrọ̀ Ètò Ìṣiṣẹ́ Láptọ́ọ̀pù Àtijọ́ Tí Kò Lè Ka Àwo Mọ́

Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ púpọ̀ ló ṣì lágbára, àmọ́ tí Windows inú rẹ̀ ti gbó ju ohun tí a lè fọkàn tán lọ. Microsoft dáwọ́ àtúnṣe Windows 7 dúró ní oṣù Kìíní ọdún 2020, àtìlẹ́yìn fún Windows 10 sì parí ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Ẹ̀rọ tí kò rí àtúnṣe ààbò gbà mọ́ kì í ṣe èyí tó yẹ kí ènìyàn máa fi wọ àkáǹtì báńkì rẹ̀. Bí ibi tó ń gba àwo bá ti bàjẹ́, ẹ má náwó lé e lórí, nítorí fíláàṣì 8GB kan yóò ṣe gbogbo iṣẹ́ tí àwo ìbá ṣe.

Windows 11 ń béèrè ṣípù ààbò TPM 2.0, èyí tí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kò ní. Ohun tí mo gbà yín níyànjú ni Linux Mint, ètò ìṣiṣẹ́ mìíràn tó lè rọ́pò Windows, ẹ̀yà Xfce rẹ̀ tó fúyẹ́, tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́, tí ó lè ṣiṣẹ́ lórí RAM 2GB bó tilẹ̀ jẹ́ pé 4GB ló ń mú un yá, tí àtúnṣe ẹ̀dà 22 rẹ̀ yóò sì máa wá títí di ọdún 2029. Puroséésọ̀ 64-bit nìkan ló ń gbé e.

Ẹ kọ́kọ́ kó gbogbo fáìlì yín pamọ́, kí ẹ sì fara balẹ̀ ṣe é, torí pé ohun tí a bá pa rẹ́ níbí ṣòro láti rí padà. Ẹ kó wọn sórí hard disk mìíràn, kì í ṣe sórí fíláàṣì tí a fẹ́ lò, nítorí gbogbo ohun tó wà lórí fíláàṣì náà ni yóò pa rẹ́. Ẹ má gbàgbé Desktop, Downloads, àti àwọn pásíwọ́ọ̀dù tí ẹ tọ́jú sínú búráúsà. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí díẹ̀ nínú àwọn fáìlì náà lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn kí ó lè dá yín lójú pé wọ́n pé.

Ẹ gba fáìlì ISO, ìyẹn fáìlì kan ṣoṣo tí gbogbo Mint wà nínú rẹ̀, láti linuxmint.com, kí ẹ sì fi àṣẹ certutil ti Windows yẹ SHA256 rẹ̀ (àmì tó ń fi hàn bóyá fáìlì náà pé) wò bóyá ó bá èyí tó wà lórí ojúlé náà mu, pàápàá bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń já. Kí a kàn da fáìlì náà kọ sórí fíláàṣì kò tó. Ètò kékeré kan tó ń jẹ́ Rufus ni yóò sọ fíláàṣì di ohun tí kọ̀ǹpútà lè fi tan. Lórí Windows 7, Rufus 3.22 ni kí ẹ lò, torí pé ẹ̀dà 4 kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Níbi “Partition scheme” nínú Rufus, ẹ yan MBR fún ẹ̀rọ àtijọ́.

Ẹ pa láptọ́ọ̀pù, ẹ ki fíláàṣì bọ̀ ọ́, kí ẹ sì máa tẹ F12 bí ẹ ti ń tàn án bó bá jẹ́ Dell, Lenovo tàbí Toshiba, kí ẹ lè yan fíláàṣì náà. Ti HP ni Esc, lẹ́yìn náà F9. Lórí Acer, ó lè gba pé kí ẹ kọ́kọ́ fi F2 wọ BIOS, ibi tí a ti ń ṣètò ẹ̀rọ, lọ gba F12 láàyè. Mint yóò ṣí láti orí fíláàṣì láìtíì fọwọ́ kan hard disk, àǹfààní ńlá sì nìyẹn: ẹ dán Wi-Fi, ohùn àti kíbọ́ọ̀dù wò kí ẹ tó tẹ “Install Linux Mint”. Bí bátìrì bá ti kú, ẹ dúró dìgbà tí iná bá dájú, nítorí iná tó bá lọ láàárín iṣẹ́ yìí lè fi ẹ̀rọ sílẹ̀ láìní ètò kankan.

Bí Wi-Fi kò bá ṣiṣẹ́, èyí tó wọ́pọ̀ lára káàdì Broadcom, ẹ fi okùn USB so fóònù mọ́ láptọ́ọ̀pù, ẹ tan USB tethering kí láptọ́ọ̀pù lè lo íńtánẹ́ẹ̀tì fóònù, kí ẹ sì jẹ́ kí Driver Manager inú Mint wá díráfà, ìyẹn ètò tó ń mú káàdì náà ṣiṣẹ́, tó yẹ.